Ọsàn Kejì Lórí Òkè Àgbọ̀nrín

Ní ìlú Ìsàlẹ̀-Àpáta, níbi tí òkè ti yí ilé ká bí ọgbà, obìnrin kan wà tí ń jẹ́ Ìbídùn. Ọwọ́ rẹ̀ mọ́, ọbẹ̀ rẹ̀ sì dùn, ṣùgbọ́n àbùkù kan wà lára rẹ̀, ẹ̀yin ọmọ mi: bí ènìyàn bá sọ òótọ́ fún un, yóò yẹ ẹ̀yìn ọ̀rọ̀ náà wò bóyá irọ́ wà níbẹ̀.

Télọ̀ ni Fátókun ọkọ rẹ̀. Ọdún mọ́kànlélógún ni ó fi jókòó sídìí ẹ̀rọ ìránṣọ, ikùn rẹ̀ ń yọ síwájú díẹ̀díẹ̀ títí ó fi ń kan ẹ̀rọ náà. Nígbà tí òòyì bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ ọ, ó lọ sí ilé ìwòsàn. Nọ́ọ̀sì ní ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ń ru, ara rẹ̀ sì ti wúwo jù. Kí ó dín oúnjẹ alẹ́ kù, kí ó sì máa rìn láràárọ̀. Fátókun délé, ó sọ ọ́ fún ìyàwó rẹ̀ bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́. Ní àfẹ̀mọ́júmọ́ ọjọ́ kejì, ó ki ọsàn kan sápò, ó kọrí sí Òkè Àgbọ̀nrín.

Ìbídùn kò gbà á gbọ́. Ní ìlú wọn, ẹsẹ̀ kì í jáde láàárọ̀ láìní ibi tí ó ń lọ. Bí kò bá lọ sóko, yóò lọ sódò. Bí kò bá lọ sódò, á jẹ́ pé ó lọ kí ènìyàn. Ta ni Fátókun wá ń kí lórí àpáta?

Ó bẹ̀rẹ̀ sí í ṣọ́ ọ. Ọkùnrin tí ó máa ń béèrè àfikún ti wá ń ti àwo iyán sẹ́yìn nígbà tí ó bá ku ìdajì, àwọn àgbà sì ti kọ́ Ìbídùn láti kékeré pé ọkọ tí kò jẹ oúnjẹ ilé tán ti jẹun níbòmíràn. Lẹ́yìn oṣù méjì, ó bá ọkọ rẹ̀ níbi tí ó ti ń gba ìbàdí ṣòkòtò rẹ̀ wọlé. Kò pẹ́, ó tún gbà á wọlé lẹ́ẹ̀kejì. Ìbídùn gbé ọ̀rọ̀ náà lọ bá Ìyá Àjọkẹ́, aládùúgbò wọn.

“Ìyá Adétóún,” ni Ìyá Àjọkẹ́ wí, “ọkọ tó ń rù tí ara rẹ̀ sì ń dán, àìsàn kọ́ nìyẹn. Abúlé kan wà lẹ́yìn òkè yẹn o. Èmi ò sọ nǹkan kan.”

Ọ̀rọ̀ yìí wọ Ìbídùn lára ju òótọ́ ọkọ rẹ̀ lọ. Ó di aṣọ rẹ̀ sínú àpò kan, ó tì í sábẹ́ ibùsùn. Ó pinnu pé ọjọ́ tí òun bá fojú kan obìnrin náà, ilé bàbá òun ni òun yóò padà sí.

Bí ó ṣe di ẹni tó ń tẹ̀ lé ọkọ rẹ̀ nìyẹn. Òun náà kò fúyẹ́. Orúnkún rẹ̀ a máa dùn ún bí ó bá fẹ́ dìde lórí àpótí. Ní ọjọ́ kìíní, ìdí ìrókò ìsàlẹ̀ òkè ni agbára rẹ̀ mọ, ó jókòó, ó ń mí hẹlẹhẹlẹ, ó sì padà sílé. Ní ọ̀sẹ̀ kejì, ó dé ibi tí omi ti ń sun jáde láti inú àpáta. Gbogbo ìgbà tí ó bá dúró mí, yóò rí ọkọ rẹ̀ lókè lọ́hùn-ún tí òun náà dúró, tí ó ń tú okùn bàtà rẹ̀, tí ó tún ń so ó. Ìbídùn ní ẹni tó ń dúró de ènìyàn nìyẹn.

Èyí tó dùn ún jù ni ọ̀rọ̀ ọsàn. Láti ọjọ́ kejì tí ó ti ń tẹ̀ lé e, Fátókun kò mú ọsàn kan mọ́, méjì ni ó ń kì sápò. Ọ̀kan jẹ́ tirẹ̀. Ta ló ni ìkejì?

Oṣù kan àti ọjọ́ mẹ́rin ni ó fi tẹ̀ lé e. Ìró rẹ̀ ń tú ní ìdí rẹ̀, ó ní ìrònú ló ń jẹ òun. Orúnkún rẹ̀ kò dùn ún mọ́, ṣùgbọ́n inú ń bí i débi pé kò fiyè sí i.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ Jímọ̀ kan, ó gun òkè náà dé orí. Ó fún ìró rẹ̀ mọ́ ìdí, ó múra ìjà. Fátókun nìkan ló bá níbẹ̀ lórí àpáta, ọ̀bẹ kékeré lọ́wọ́ rẹ̀, ọsàn méjì tí ó ti bó wà níwájú rẹ̀.

“Bàbá Adétóún, obìnrin náà dà?”

Ọkọ rẹ̀ kò tilẹ̀ bojú wẹ̀yìn. “Ó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé ni. Jókòó kí o mu ọsàn rẹ. Láti ọjọ́ tí mo ti gbọ́ bí o ṣe ń mí nídìí ìrókò ni mo ti ń gbé e gun òkè. Èmi náà ni mo sì ń mu ún, ó ti sú mi.”

Ìbídùn wo ẹ̀yìn òkè. Kò sí abúlé kankan. Igbó ni, títí dé ibi tí ojú lè rí. Ó béèrè ìdí tí kò fi sọ fún òun. Fátókun ní òun ti sọ, ọjọ́ tí òun ti ilé ìwòsàn dé gan-an.

Nígbà tí wọ́n sọ̀kalẹ̀, Ìbídùn fa àpò náà jáde lábẹ́ ibùsùn. Gbogbo bùbá tó wà nínú rẹ̀ ló ti fẹ̀ jù fún un. Ó kó wọn lé ọkọ rẹ̀ lọ́wọ́ pé kí ó bá òun gbà wọ́n wọlé.

Ẹ̀yin ọmọ mi, ara tí a bá fi jókòó yóò wúwo, ẹsẹ̀ ni yóò sì sọ ọ́ di fífúyẹ́. Ìjà ni Ìbídùn wá lọ sórí òkè tó fi bá ìlera pàdé. Orí ló bá a ṣe é, kì í ṣe ọgbọ́n. Díẹ̀ ló kù kí ó fi ilé rẹ̀ sílẹ̀ nítorí obìnrin tí kò sí. Ìfura loògùn àgbà lóòótọ́, ṣùgbọ́n oògùn tí a bá lò jù a máa dá àìsàn sílẹ̀. Bí ẹni tó fẹ́ràn yín bá sọ̀rọ̀, ẹ kọ́kọ́ gbọ́ ọ. Òótọ́ dọ́jà, ó kùtà; owó lọ́wọ́ ni wọ́n ń ra èké. Ẹ má ṣe ná irú ọjà bẹ́ẹ̀.