Alámẹ́ríkà àti Ọkọ̀ Tí Kì í Bàjẹ́

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fi ìtàn yìí sílẹ̀ láàárín. Ẹ kà á délẹ̀, pàápàá ẹ̀yin tí ẹ ti sọ orúkọ ilé iṣẹ́ ọkọ̀ kan di ẹ̀sìn.

1.
Aránṣọ ni ọkùnrin náà, ṣùgbọ́n Alámẹ́ríkà ni gbogbo àdúgbò ń pè é. Ọkọ̀ Amẹ́ríkà ńlá kan ni bàbá rẹ̀ gùn títí ó fi kú, ọkọ̀ gbọọrọ tí ènìyàn lè sùn nínú búútù rẹ̀. Kò já bàbá kulẹ̀ rí. Ni ọmọ bá búra pé òun kò ní ra ti ilé iṣẹ́ mìíràn láyé. Nígbà tí ọwọ́ rẹ̀ tẹ́nu, irú rẹ̀ ló rà, ti ìgbàlódé.

Kò pẹ́ tí gíà fi bẹ̀rẹ̀ sí í já lójú ọ̀nà. Iná pupa tó ń kìlọ̀ tàn níwájú rẹ̀ nínú ọkọ̀. Mẹkáníìkì ní kó gbé e wá kí òun tú u wò. Ẹ mọ ohun tí Alámẹ́ríkà ṣe? Ó gé téèpù dúdú, ó lẹ̀ ẹ́ mọ́ iná náà lójú!

“Iná ló bàjẹ́,” ó ní. “Ọkọ̀ bàbá mi kì í bàjẹ́.”

Orí ìyàwó rẹ̀ gbóná. “Bàbá wọn, ọkọ̀ bàbá yín kọ́ lèyí o! Bàbá ń pààrọ̀ ọ́ìlì, ẹ̀yin ń pààrọ̀ ọ̀rọ̀.”

Ọkọ rẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín yẹn ló ń dun obìnrin náà jù.

2.
Kéèkì ni ìyàwó ń ṣe tà. Nígbà tí àbúrò ọkọ rẹ̀, tó ń pè ní Adúmáadán, fẹ́ ṣègbéyàwó, ó ṣe kéèkì alájà mẹ́rin fún un, funfun báláú. Ọ̀gá hòtẹ́ẹ̀lì tí wọ́n ti fẹ́ ṣe ìgbéyàwó náà ti ṣèlérí pé bí kéèkì náà bá wu òun, ọwọ́ ìyàwó Alámẹ́ríkà làwọn á ti máa ra kéèkì.

Nígbà tí ọjọ́ ìgbéyàwó pé, tíṣà tó ń gbé lókè wọn ní kí òun fi ọkọ̀ kékeré òun gbé wọn.

Alámẹ́ríkà yọ ṣùtì. “Kéèkì àbúrò mi nínú agolo sàdíìnì? Ká má rí i!”

“Ẹ jọ̀ọ́, nítorí iṣẹ́ mi,” ìyàwó kúnlẹ̀.

Ọkọ ti ṣílẹ̀kùn ọkọ̀ tirẹ̀.

Wọ́n ń gun òkè ni gíà já. Ẹ́ńjìnnì ń ké, ọkọ̀ ń yí lọ sẹ́yìn. Ó tẹ bíréèkì gìrì, ajà òkè kéèkì yọ̀, ó wó lé ìyàwó lẹ́sẹ̀, àwọn yòókù tẹ̀ lé e. Èéfín bo iwájú ọkọ̀. Ṣúgà ń yọ́ sí i láṣọ nínú oòrùn.

“Ṣé ẹ rí i báyìí?”

“Òkè yìí ló ga jù,” ọkọ dáhùn.

3.
Nígbà tí wọ́n fẹsẹ̀ rìn dé ibẹ̀, ọ̀gá hòtẹ́ẹ̀lì wo kéèkì tó rin aṣọ ìyàwó Alámẹ́ríkà, ó kàn yí padà ni. Adúmáadán bú sẹ́kún. “Bọ̀dá mi, ẹ̀yin náà ni mo fọkàn tán!”

Láti ọjọ́ náà, Adúmáadán kò fẹsẹ̀ tẹ ilé wọn mọ́.

4.
Ìyàwó rò pé ọ̀rọ̀ ọkọ̀ ti parí. Wọ́n wọ́ òkú ọkọ̀ náà lọ. Àfi bó ṣe di ọ̀sán ọjọ́ kan tí fèrè dún lẹ́nu ọ̀nà. Ọkọ̀ gbọọrọ mìíràn. Orúkọ kan náà wà lẹ́yìn rẹ̀!

“Ìyá àwọn ọmọ, wá wò ó! Èyí yàtọ̀.”

Ìyàwó yọjú sí ṣọ́ọ̀bù ọkọ rẹ̀. Òfìfo. Kò sí ẹ̀rọ ìránṣọ kankan níbẹ̀ mọ́.

“Ẹ tà wọ́n?”

“Màá rí òmíràn rà.”

Kò rí i rà títí dòní. Abẹ́ ọmọ iṣẹ́ rẹ̀ àtijọ́ ló ti ń ránṣọ báyìí. Ní ti ìyàwó, ó gbé páálí kéèkì rẹ̀ lọ́jọ́ náà, ó gba iwájú ọkọ̀ tó ń dán kọjá, ó dá takisí dúró láti fi gbé e lọ fún oníbàárà. Ọkọ ń fọn fèrè pè é, ó ń fọn ọ́n. Kò wẹ̀yìn.

Ẹ̀yin èèyàn mi, ẹ ṣọ́ra! Àwọn tó kan ọkọ̀ bàbá yín lè ti fẹ̀yìn tì. Orúkọ kì í wa mọ́tò. Ẹ fẹ́ràn ohun tí ẹ bá fẹ́, ṣùgbọ́n ẹ má fi ìfẹ́ di ara yín lójú. Igi gogoro má gùn mí lójú, òkèèrè la ti ń wò ó.