Búráúsà Tí Kì Í Túfọ̀
Títíloyè, ọmọ àdúgbò, ń ṣí ojú-ìwé ilé ìwòsàn kan náà lórí kọ̀ǹpútà Ìyá Gbádé, nínú búráúsà kejì tí a fi ń ka ìkànnì ayélujára. Ti àkọ́kọ́ ní ara Bàbá Gbádé ń mókun. Èyí ní ó ń sinmi. Òfin kò gbà kí búráúsà túfọ̀ fún àgbàlagbà mọ́; ṣe ni ó ń fi ọ̀rọ̀ ìtùnú rọ́pò ọ̀rọ̀ ikú.

“Ṣé kí n gbé aṣọ tí Bàbá máa wọ̀ wálé dání?” ni Ìyá Gbádé, aya bàbá náà, bi í.

“Ẹ jẹ́ kí n tú inú búráúsà méjèèjì wò ná, Mà.”

“Ṣe kíá o. Ọkùnrin yẹn kì í fẹ́ dúró de èèyàn.”

Irinṣẹ́ tí a fi ń wo ohun tó wà lẹ́yìn ojú-ìwé nínú búráúsà àkọ́kọ́ fi àwọ̀ àti àwòrán nìkan hàn. Ti èkejì gbé ọ̀rọ̀ dókítà jáde bó ṣe kọ ọ́.

“Mà, Bàbá ti kú láàárọ̀ yìí.”

Ìyá Gbádé sunkún, ó nu ojú. “O ṣé, ọmọ mi. Búráúsà kò ní bá mi sin òkú.”

Títíloyè pa búráúsà méjèèjì dé, ó sì jáde.