Ewúrẹ́ Tó Fẹ́ Kí Ara Ọmọ Rẹ̀ Máa Dán

Ẹ̀yin ọmọ, àlọ́ mi gbéra ńlẹ̀, ó rá bàbà, ó bà sí ojúlé Ewúrẹ́ àti Àwẹ̀ró, ọmọ rẹ̀ kan ṣoṣo.

Lásìkò òjò kan tí ooru mú gan-an, àwọn ará ilé Òbúkọ ránṣẹ́ pé àwọn ń bọ̀ wá wo Àwẹ̀ró, ìyàwó wọn. Láti ìgbà náà, bí òjò bá ti pa Àwẹ̀ró wọlé, ìyá rẹ̀ kì í nù ún gbẹ. Òrí ni yóò bù, tí yóò fi pa á lára tòun tomi. Ara ọmọ sú, ó ń yún un, ó sì di egbò. Ó bá ń sunkún kọrin:

Ìyá mi, ẹ nù mí gbẹ o,
Tẹ́rẹ́nà.
Òrí sé ooru mọ́ mi lára,
Tẹ́rẹ́nà.
Ẹ jẹ́ kí atẹ́gùn fẹ́ sí mi,
Tẹ́rẹ́nà.

Ológbò, aládùúgbò wọn, ní, "Ìyá Àwẹ̀ró, ẹ wẹ̀ ẹ́, kí ẹ sì jẹ́ kó gbẹ."

Ewúrẹ́ ní, "Kí ọmọ mi wá funfun bí ẹni tó fi eérú para lójú àna?" Ó tún bu òrí bo egbò.

Àwọn àna dé. Ìyá Òbúkọ fọwọ́ ra Àwẹ̀ró lọ́rùn, irun àti awọ bá ọwọ́ rẹ̀ wá. Wọn ò mu omi kí wọ́n tó padà sílé.

Ìgbà náà ni Ewúrẹ́ ṣẹ̀ṣẹ̀ gbé omi ìwẹ̀ dé. Àwẹ̀ró sún mọ́ ògiri.

"Ìyá mi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fọwọ́ kàn mí mọ́."

Ibẹ̀ ni ẹnu àlọ́ mi wọlẹ̀ sí.