Ìdọ̀tí Àdán

Àlọ́ o! Àlọ́ mi já bọ́ láti orí igi, ẹ̀yìn Erin ló bà sí.

Erin fẹ́ràn ìmọ́tótó. Àmọ́ bó bá ti wẹ̀ tán lódò ni Àdán, tó ń jẹ èso lórí igi etídò, á tu kóró sí i lẹ́yìn.

“Ìwọ adoríkodò yìí, ṣé ààtàn ni mo jọ lójú rẹ ni?”

Inú bí Erin, ó wó gbogbo igi etídò. Àdán kó lọ síbòmíràn. Ṣùgbọ́n kò sí ìbòòji mọ́, oòrùn sì fa odò náà gbẹ. Òùngbẹ dá ọmọ Erin wólẹ̀, kò lè dìde.

Erin fi ìtìjú wá Àdán kàn. “Ẹ̀gbọ́n, ẹ ṣàánú ọmọ mi. Níbo lẹ ti ń rí omi mu?”

Àdán rẹ́rìn-ín. “Ọ̀gá onímọ́tótó, máa tẹ̀ lé ìdọ̀tí mi lọ.”

Erin wò yíká. Gbogbo kóró tí Àdán ti ń tu bó bá ń fò lọ mumi láti ọjọ́ pípẹ́ ti di igi, wọ́n tò lọ títí dé ìsun omi kan lábẹ́ ìbòòji. Erin fi ọwọ́jà rẹ̀ gbé omi wá fún ọmọ. Ọmọ mu, ó dìde. Ni Erin bá bú sórin. Ẹ bá mi gbè é:

Àdán, ẹ ṣeun o!
*Igi ló ń pa omi mọ́.*
Kóró tí ẹ tu ló hù o!
*Igi ló ń pa omi mọ́.*
Ọmọ mi dìde o!
*Igi ló ń pa omi mọ́.*

Láti ìgbà náà, bí kóró bá ba Erin lẹ́yìn, á rọra gbé e dé ibi tí ilẹ̀ ti pá, á gbọ̀n ọ́n sílẹ̀, á ní: “Ẹ ṣeun o, ẹ tún tu òmíràn.”

Ibẹ̀ ni mo gbin àlọ́ mi sí.