Ọmọ Owú Ògúndíran

“Nínú ẹ̀rọ tí ń wá ohun abẹ́ ilẹ̀, èyí tí ó wọ́n jù ni mo yá yín, Màmá. Yálà wúrà ni tàbí fàdákà, ó ní nọ́ńbà tí ó ń kọ fún un.”

“Kò kọ nǹkan kan láti àárọ̀,” ni Mopélọ́lá wí. Yanrìn ti bo gbogbo àmì sàréè ní itẹ́ òkú etí òkun yìí. Ọ̀sán yìí ni ìjọba yóò jẹ́ kí òkun gbà á. Ẹni tí ó bá tọ́ka sí sàréè èèyàn rẹ̀ nìkan ni wọn yóò bá hú u.

Akọ̀wé tí ń yáni ní ẹ̀rọ wò ó. “Kí ni ẹ sin mọ́ Bàbá? Òrùka?”

“Ọmọ owú rẹ̀. Alágbẹ̀dẹ ni Ògúndíran.”

“Irin! Ẹ̀rọ yìí kì í dá irin lóhùn, Màmá. Ìdọ̀tí ni ó kà á sí.”

“Ṣebí ìwọ ni o ní òun ló dára jù!”

Mopélọ́lá já ẹ̀rọ pọ́ọ́kú gbà lọ́wọ́ rẹ̀, èyí tí kò mọ̀ ju ariwo lọ. Ó gbé ẹsẹ̀ kan, ẹ̀rọ ké. Ó gbé èkejì, ó tún ké, ohùn kan náà. Ìṣó pósí ni. Kò sí sàréè tí kò ní in.

Fèrè dún.

“Àkókò ti tó. Èwo ni tiyín?”

Mopélọ́lá kúnlẹ̀ níbi tí ó dúró sí. “Èyí ni.”

“Ó dá yín lójú?”

“Ṣé n kò ní mọ ọkọ mi ni?”

Nígbà tí akọ̀wé lọ pe àwọn agbẹ́lẹ̀, Mopélọ́lá fi ẹnu kan yanrìn.

“Ẹni yòówù kí ẹ jẹ́,” ó rọra wí, “ẹ jọ̀wọ́, ẹ bá mi relé.”