Ohun tí Faïzatou túmọ̀

Dókítà ilé-ìwòsàn Ṣábẹ̀ ń sọ Faransé, Faïzatou ń túmọ̀ rẹ̀ fún baba rẹ̀, Lassissi, àgbẹ̀ kájú láti Kaboua.

"Purotéènì kan wà nínú ara tó ń gbá ìdọ̀tí. Òun ló ń gbé oògùn jẹjẹrẹ yìí mì kí oògùn tó ṣiṣẹ́. A ò ní oògùn mìíràn mọ́."

Agbálẹ̀ ilé ló wá di olè.

"Kí ló wí?"

Bí òótọ́ bá wúwo ju orí àgbà lọ, ọmọ ní í bá a rù ú. Faïzatou di ọwọ́ baba rẹ̀ mú.

"Bàbá, wọ́n ní oògùn ń gbá ìdọ̀tí náà lọ."

"Alihamudulilahi! Ẹ̀rù lásán ló ń ba ẹ̀yin ọmọ ilé-ẹ̀kọ́!"

Baba rẹ́rìn-ín, ó ṣí gèlè ọmọ rẹ̀ díẹ̀, ó fọwọ́ pa orí tó ti pá.

"Kí kájú tó pọ́n, irun rẹ á ti hù."