Ẹ̀rín Orí Fóònù Tó Gbé Hemlata Dé Kóòtù

Ẹ̀yin èèyàn mi, ẹ má tíì fò ó o, ẹ kà á dé ìsàlẹ̀ pátápátá! Iwájú kóòtù ní Bareilly, nílẹ̀ Íńdíà níbí, ni mo wà báyìí. Ohun tí mo fojú mi rí láìpẹ́ yìí ni mo ń tẹ̀ sí yín.

1. Ará àdúgbò wa ni Lokesh. Nígbà tó fẹ́ Nirupa, bàbá Nirupa kó bẹ́ẹ̀dì, fíríìjì àti ẹ̀gbà ọwọ́ góòlù tẹ̀ lé ọmọ ẹ̀ wá, bí wọ́n ṣe máa ń ṣe níbí, bí òfin tiẹ̀ ní kò gbọdọ̀ ṣẹlẹ̀. Ó yẹ kó parí síbẹ̀, àbí? Kamlesh, ìyá Lokesh, ní kò tó. Mọ́tò ló ń wá.

"Ṣé fíríìjì yẹn la máa gùn lọ sọ́jà ni?"

Ojoojúmọ́! Ó ń ti ilé ìdáná mọ́ ọmọ ọlọ́mọ. Nígbà tó yá, Lokesh bẹ̀rẹ̀ sí í fọ́ ọ létí.

Kamlesh tún ń fi ohùn ránṣẹ́ sínú gúrúùpù ẹbí lórí Wásáàpù, ó ń fi ìyàwó ṣe yẹ̀yẹ́. Hemlata, ẹ̀gbọ́n Lokesh obìnrin, tíṣà ni, Pune ló ń gbé, ọ̀nà jìn gan-an. Kì í tẹ́tí gbọ́ ọ. Ó kàn máa ń tẹ àwòrán ojú tó ń rẹ́rìn-ín sí i, á bá iṣẹ́ ẹ̀ lọ. Ẹ̀yin náà ń ṣe é, ẹ má parọ́!

2. Nirupa sá lọ bá bàbá ẹ̀. Bàbá gbéra, ó di àgọ́ ọlọ́pàá. Ẹni tó ń báni kọ̀wé ẹ̀sùn lẹ́nu géètì ní, "Bàbá, ẹ kọ orúkọ gbogbo wọn! Kẹ́nì kankan má yọ́ lọ!" Ni wọ́n bá kọ Hemlata mọ́ ọn.

Inú kíláàsì ni ọlọ́pàá ti bá a. Ilé ìwé ní kó lọ jókòó sílé ná. Tí wọ́n bá dá a lẹ́bi, ó lè fi ẹ̀wọ̀n ọdún mẹ́ta jura, iṣẹ́ tíṣà sì ti lọ nìyẹn.

3. Àárọ̀ yìí, adájọ́ gbé ìwé ẹ̀sùn sókè, ó nawọ́ sí Hemlata. "Wọ́n ní gbogbo ẹbí ló fìyà jẹ ẹ́. Obìnrin yìí ńkọ́? Kí ló ṣe? Ọjọ́ wo?"

Lọ́yà ìjọba ní, "Sà, ó ń rẹ́rìn-ín nínú gúrúùpù."

"Nirupa, ìwọ fúnra ẹ sọ ọ́."

Nirupa dìde. "Sà, ẹ̀rín yẹn dùn mí ju ìgbájú lọ. Ṣùgbọ́n kò béèrè nǹkan kan lọ́wọ́ bàbá mi rí. Kò fọwọ́ kàn mí. Kò tiẹ̀ sí níbẹ̀."

Adájọ́ ní Hemlata ò lẹ́jọ́ í jẹ́, kó máa lọ sílé ẹ̀! Ti Lokesh àti Kamlesh ṣì ń lọ ní tiẹ̀.

Kamlesh fò dìde. "Èmi? Èmi ìyá ọkọ?"

Adájọ́ ní, "Màmá, òfin ò mọ ìyá ọkọ. Ẹ jókòó."

Háà, mo mí kanlẹ̀!

Ẹ̀yin ẹbí ọkọ, ẹ gbọ́ o: ẹ má tọrọ ohun tí wọn ò fún yín, ẹ má sì fi ìyà ọmọ ọlọ́mọ rẹ́rìn-ín. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ fẹ́ fẹjọ́ sùn, ẹ kọ orúkọ ẹni tó ṣe é, kẹ́ ẹ sì kọ ohun tó ṣe. Ìka tó bá ṣẹ̀ lọba ń gé.

Ẹ dúró ná, wọ́n ti ń jáde! Hemlata ń sunkún bọ̀. Ẹ̀gbọ́n ọkọ o! Ó lọ bá Nirupa tààrà, ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó fọwọ́ kan ẹsẹ̀ ìyàwó, bí ọmọdé ṣe máa ń kí àgbà níbí.